Ta ni à ń kọ̀wé fún?

Àbẹ̀kẹ́ Aránṣọ (Ògbómọ̀ṣọ́):

Mo kí gbogbo ilé, tàgbà tèwe. Ọ̀rọ̀ kan ni ó ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ̀wé ni mo sì rí i pé ó yẹ kí n gbé e tọ̀ wá.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe nítòsí Tàkíé. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, tí àwọn ọmọ sì ti sùn, mo máa ń jókòó ti tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, n ó sì kọ̀wé fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ó ti tó ọdún 11 tí mo ti ń ṣe é. Ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mò ń lò. Mo ti kọ 17 kún, mo sì kó wọn sínú báàgì àtijọ́ kan lábẹ́ ibùsùn. Ohun tí mò ń kọ lè má jọ ẹlòmíràn lójú: ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kan sọ, bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi, ìdí tí aládùúgbò wa kan kì í fi í jẹ ẹran ewúrẹ́. N kò tẹ ọ̀kankan jáde rí, n kò sì fi han ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù tó kọjá ni ọkọ mi bi mí léèrè. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ta ni o ń kọ gbogbo èyí fún?" Mo la ẹnu, n kò rí èsì fún un, láti ọjọ́ náà sì ni ọwọ́ mi ti ń wúwo lórí ìwé.

Èyí tí ó tún wá dá kún un ni ti alẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń kọ nípa ìyá mi, ẹni tí ó ta gàrí ní Ọjà Igbó títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mò ń kọ bí ó ṣe máa ń wọn gàrí: yóò fi igbá bù ú sínú kóńgò, yóò fi apá kejì yí ẹnu kóńgò náà ká bí odi kí gàrí má baà dà nù, yóò sì máa dà á lé e títí yóò fi ga ṣóńṣó bí òrùlé ahéré. Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn tí bírò mi fi dúró. Ọwọ́ wo ni ó fi ń dà á, apá wo ni ó sì fi ń yí i ká? Lójú tèmi, tí mo bá a jókòó ní ọjà yẹn láti kékeré, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń da gàrí. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù, ó ní ọwọ́ òsì ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ búra. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé bí n kò bá kọ ọ́, n kì bá tí mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, kí ni ó ń mú yín kọ̀wé? Ta sì ni ẹ ń kọ ọ́ fún?

Ọmọ Akọ̀wé (Ọ̀yọ́):

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere.

Akọ̀wé lẹ́tà ni bàbá mi nílùú Ọ̀yọ́ níhìn-ín. Abẹ́ igi kan tí kò jìnnà sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó ń jókòó sí, pẹ̀lú tábìlì kékeré, àga méjì, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí lẹ́tà "a" rẹ̀ kò ta dáadáa mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tọ̀ ọ́ wá ni ó ní ọmọ tàbí ọkọ ní Èkó, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Gánà. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ti Gánà jù wá lọ, nítorí pé àwọn òbí yín pọ̀ nínú ọjà Tamale àti àwọn ìlú àríwá ibẹ̀, kí ìjọba Gánà tó pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi máa ń sọ pé ní ìparí ọdún náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ìyá tí ó wá sábẹ́ igi òun ń sọ: "Akọ̀wé, bá mi kọ ọ́ pé kí ó máa bọ̀, ì báà má rí ẹrù kó."

Ìlànà kan wà tí bàbá mi kì í yẹ̀. Kò ní fi lẹ́tà sínú àpò rẹ̀ láì kọ́kọ́ kà á sókè fún ẹni tí ó ni ín. Mo wà níbẹ̀, mo tó ọmọ ọdún 9, lọ́jọ́ tí ìyá àgbàlagbà kan gbọ́ lẹ́tà rẹ̀ tán tí ó sì mi orí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ mi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn mi. Ọmọ mi yóò rò pé mo ti kú, pé ẹlòmíràn ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀." Bàbá mi ti kọ ọ́ pé inú òun yóò dùn bí ó bá lè tètè padà wálé. Ohun tí ìyá náà sọ gan-an ni pé, "A kò tíì ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ." Bàbá mi ya ìwé náà, ó fi òmíràn sẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì tẹ gbólóhùn ìyá náà bí ó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kò gba owó kejì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ohùn wa kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni à ń kọ̀wé sí. Nígbà mìíràn ọ̀nà ni ó jìn, nígbà mìíràn ọdún ni. Ẹni tí ẹ ń kọ̀wé fún lè má tíì dáyé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ ní ohùn ara yín, yóò dá yín mọ̀ nígbà tí ó bá dé.

Tísà Àgbà (Ọ̀yọ́):

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ìtàn àti èdè Yorùbá ni mo fi ọdún 34 kọ́ àwọn ọmọ. Bí mo ti ka ìbéèrè yín, Ìyá Ìbejì, Àlùfáà Samuel Johnson ni ó sọ sí mi lọ́kàn, ẹni tí ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ nílùú Ọ̀yọ́ yìí, tí ó sì parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ nípa ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1897. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ ìwé náà. Ìrìn tí ó rìn kí ó tó dé ọwọ́ wa ni a kì í sábà sọ fún àwọn ọmọ. Ní ọdún 1899, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù pátápátá. Ẹ rò ó wò: gbogbo ohun tí ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn arọ́kin ààfin, gbogbo ohun tí ó ti bi àwọn tí ogun ṣojú wọn, ó di àwátì. Ó kú ní ọdún 1901 láì fojú kan ìwé náà ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó tún un kọ, ọdún 1921 sì ni ó tó jáde. Ogún ọdún ti kọjá lórí ikú ẹni tí ó kọ ọ́.

Òun fúnra rẹ̀ sọ ìdí tí ó fi kọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà: kí ìtàn ilẹ̀ baba wa má baà di ìgbàgbé, nítorí pé àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ń kú lọ kíákíá. Ohun tí mo máa ń rò jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọdún méjì tí ó wà láàárín 1899 sí 1901. Bí ẹnì kan bá bi í léèrè nígbà náà pé ta ni ó kọ ọ́ fún, èsì wo ni ì bá fọ̀? Ẹnikẹ́ni kò kà á. Àwa tí a ń kà á lónìí, a kò tíì bí àwọn òbí ọ̀pọ̀ nínú wa. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nílé ní tirẹ̀, bí tiyín ṣe wà lábẹ́ ibùsùn.

Ohun kan ń dùn mí nípa rẹ̀, n ó sì sọ ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sọ ìtàn náà fún un kò ní lè kà á, bí wọn ì bá tilẹ̀ pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn N. D. Oyèrìndé ti ìlú yín, ẹni tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ ní èdè Yorùbá, tí ó sì jáde ní ọdún 1934. Yorùbá ni ẹ̀yin náà fi ń kọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa fi àmì ohùn sí i. Ẹni tí kò mọ ìyá yín rí, bí ó bá ka ọ̀rọ̀ náà láìsí àmì, kò ní mọ̀ bóyá igbá tí ìyá fi ń bu gàrí ni, tàbí igba náírà tí wọ́n san fún un, tàbí ìgbà tí ó fi jókòó lọ́jà.

Ọmọ Asunrárà (Ọ̀yọ́):

Mo júbà Tísà, mo júbà gbogbo àgbà tí ó wà níbí. N kò wá ta ko ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo rí nínú ilé tí wọ́n bí mi sí.

Rárà ni bàbá mi àgbà ń sun. Ní ọdún 2014, nígbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́, mo pinnu pé n ó kọ rárà rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀ nínú yàrá, mo sì fi nǹkan bí oṣù méjì kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí mo kà á fún un, ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wá ní, "Ta ni mo sun ún fún lọ́jọ́ náà?" Mo ní kò sí ẹnì kankan, pé èmi àti fóònù nìkan ni. Ó ní, "Abájọ tí kò fi ní ojú."

Ẹni tí ó bá ti rí i níbi ìgbéyàwó yóò mọ ohun tí ó ń wí. Ojú ìyàwó ni ó ń wò. Bí ó bá kan orúkọ baba ìyàwó tí orí ọmọ náà sì wú, yóò dúró níbẹ̀, yóò fa oríkì baba náà gùn. Bí ó bá rí i pé omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, yóò yà sí ìdílé ìyá, yóò wá ohun tí yóò pa á lẹ́rìn-ín. Ọjọ́ méjì kì í bára dọ́gba. Èyí tí mo kọ sílẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì jẹ́ ọjọ́ tí kò sí ènìyàn níwájú. Ẹ̀rù tí ó ń bà mí ni pé àwọn ọmọ mi yóò há a sórí bí mo ṣe kọ ọ́, wọn yóò sì gbà pé rárà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ bí a ṣe ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó jìnnà. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ tí a fi ṣe àrokò, ẹ̀fà ni, ó ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ tìrẹ àti tèmi jọ. Ẹni tí ó gbà á ni yóò ka iye rẹ̀ ní ẹnu ara rẹ̀ kí ó tó gbọ́ ohun tí ó wí. Òun àti ẹni tí ó ránṣẹ́ ni wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ náà.

Mo ṣì ń kọ̀wé. Orúkọ ènìyàn ni mò ń kọ báyìí, orúkọ abúlé, ìdí tí ìdílé kan fi ń jẹ́ orúkọ tí ó ń jẹ́. Rárà gan-an, ẹnu ni mo fi ń kọ́ ọmọ. Ìyá Ìbejì, ìwé 17 tí ẹ kọ, bí ti yàrá bàbá mi àgbà ni mo rí i. Ẹ mú ọ̀kan jáde, kí ẹ kà á sí etí ẹni tí yóò lè dá yín dúró pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọmọ Akọ̀wé (Ọ̀yọ́):

Ohun tí bàbá mi ń ṣe lábẹ́ igi nìyẹn, n kò kàn mọ bí n ó ṣe pè é ni. Ẹ ṣeun, àbúrò mi.

Ìyá Àdùnní (Ògbómọ̀ṣọ́):

Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dá sí i.

Ọmọ mi kejì ni ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbàkúùgbà tí a bá gbé e dé ilé ìwòsàn, wọn yóò bi mí pé ìgbà wo ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀, kí ni ó jẹ, ǹjẹ́ ó mu omi tó. N kì í lè dáhùn, nítorí pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ké lọ́wọ́ kì í rántí ọjọ́. Mo ra ìwé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́: ọjọ́, wákàtí, ibi tí ó ń dùn ún, iye ife omi tí ó mu, bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, èmi àti nọ́ọ̀sì kan jókòó tì í, a sì rí i pé ìgbà ọyẹ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù bọ́ sí, àti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ó bá ti fi eré sáré lóòrùn láì mu omi. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òtútù àti àìmu omi tó máa ń fà á. Ìgbà tí mo rí i nínú ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni mo tó gbà á gbọ́. Mo ra súwẹ́tà, mo sì ń fi ìgò omi sínú báàgì rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Ó ti pé ọmọ ọdún 13 báyìí.

Mo rò pé nítorí àwọn dókítà ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ìwé náà lónìí, mo máa ń rí àwọn ìlà kan tí kò kan ìwòsàn rárá. "Ó rẹ̀ mí lónìí." "Ó rẹ́rìn-ín ní aago mẹ́rin." N kò rántí ìgbà tí mo kọ wọ́n. Àwọn ni mo máa ń padà lọ kà.

Akẹ́kọ̀ọ́ (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Orí Facebook ni èmi máa ń kọ tèmi sí. Bí ó bá di alẹ́ tí kò sí ẹni tí ó fèsì, mo máa ń pa á rẹ́. N kò mọ̀ pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà lè wúlò fún nǹkan kan.

Tísà Àgbà (Ọ̀yọ́):

Ọmọ mi, má ṣe pa á rẹ́ mọ́. Ní ọdún 1821, wọ́n kó ọmọkùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn, ní àgbègbè tiwa níhìn-ín. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọdún 1837 ni ó tó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà, nínú lẹ́tà tí ó kọ láti Sàró sí ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 16 ti kọjá, síbẹ̀ ó rántí pé oúnjẹ òwúrọ̀ ni wọ́n ń sè lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ogun sọ. Kò mọ̀ nígbà tí ó ń kọ ọ́ bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Ọdún 1846 ni wọ́n tó fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta. Bí ó bá jẹ́ pé èsì alẹ́ ọjọ́ náà ni ó ń retí, a kò ní mọ̀ pé oúnjẹ kan wà lórí iná ní Òṣogùn lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Aránṣọ (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ka ti Ìyá Àdùnní sókè fún ọkọ mi.

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Asunrárà ni ó gbé mi dìde. Ní ọjọ́ Sátidé, mo mú ìwé náà lọ sí Ọjà Igbó, lọ bá ìyá kan tí ìsọ̀ rẹ̀ àti ti ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ohun tí ó lé ní 20 ọdún. Ó ti dàgbà gan-an, ọmọ rẹ̀ ni ó ń tajà, ṣùgbọ́n òun náà ṣì ń wá jókòó. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fi ìdí lé àpótí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Bí mo ti dé ibi apá, ó dá mi dúró. Ó ní, "Ọlọ́wọ́-òsì ni ìyá rẹ. O kò mọ̀?"

Ó ní nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ dé ọjà náà, ọwọ́ òsì ni ó fi ń da gàrí, títí di ọjọ́ tí obìnrin kan da gàrí padà sínú àpò lójú gbogbo ènìyàn, tí ó ní òun kò ní gba oúnjẹ ọmọ òun lọ́wọ́ òsì. Láti ọjọ́ náà ni ó ti fi agídí kọ́ ọ̀tún. Odindi ìgbà òjò kan ni gàrí fi ń dà nù mọ́ ọn lára kí ọwọ́ náà tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti délé, bí ara rẹ̀ ṣe fẹ́ ni ó ń ṣe. Èmi tí ó ń mú lọ sọ́jà ni mo rí ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń dúró dáná nílé ni ó rí òsì.

Ó tún sọ èyí tí n kò kọ rárá. Ó ní bí ìyá mi bá wọn kóńgò tán, ọwọ́ òsì ni ó fi ń bu ènì sí i, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń kọ ènì.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ lójú rẹ̀, lórí orúnkún mi. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó ní ibi tí mo ti pe ìsọ̀ wọn ní ìsọ̀ kékeré, kí n yọ ọ́, pé kò kéré nígbà náà, mo sì fa ìlà lé e. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ó di ìwé náà mú. Ó ní kí n mú un padà wá lọ́jọ́ ọjà tí ń bọ̀, nítorí pé ó ti ń rántí orúkọ àwọn tí ìyá mi máa ń ta gàrí fún láwìn.